Ẹ̀tọ́ Àdàkọ àti Ìwúlò Fífi Iṣẹ́ Ọpọlọ Sílẹ̀ Lábẹ́ Òfin

Iṣẹ́ tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n ṣe àlàyé lórí ohun kan tí a máa ń rí lójú ewé kejì ìwé gbogbo, ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń kà á ré kọjá pọ̀ ju àwọn tó ń dúró wò ó lọ: ẹ̀tọ́ tí ẹni tó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní lórí iṣẹ́ náà, àti ohun tí fífi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìjọba lè ṣe fún un. N kì í ṣe agbẹjọ́rò. Lítíréṣọ̀ Yorùbá ni mo ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn yóò ṣe máa kọ́ni ní lítíréṣọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò ní rí ohun tí ojú àwọn tó ń ṣe lítíréṣọ̀ náà ń rí.

Ẹ̀tọ́ àdàkọ ni mo yàn láti máa pè é. Orúkọ yìí kò fi gbogbo ara bá ohun tí à ń sọ mu, nítorí pé kì í ṣe dídàkọ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ yìí nìkan ló láṣẹ láti tẹ iṣẹ́ náà jáde, láti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, láti sọ ọ́ di eré orí ìtàgé tàbí sinimá, láti gbé e sórí afẹ́fẹ́, àti láti gbé e síbi tí ará ayé ti lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti mọ́ wa létí, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi máa wá òmíràn. Yorùbá ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, òwe náà kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ra ìwé ló ni ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ni iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ó lè kà á, ó lè fi tọrẹ, ó lè tún un tà, ó tilẹ̀ lè fi dáná bó bá wù ú. Kò gbọdọ̀ tẹ ẹyọ kan sí i fún títà.

Àṣìṣe méjì ni mo máa ń bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn tó gbà pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn kò tí ì lọ fi iṣẹ́ àwọn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, iṣẹ́ náà kò tí ì di tiwọn, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e débẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀. Ìkejì ni ti àwọn tó gbà pé lọ́jọ́ tí àwọn bá ti gba ìwé-ẹ̀rí báyìí, ìjà ti parí nìyẹn. Àṣìṣe kejì yìí ló burú jù lójú tèmi, nítorí pé ẹni tó bá ṣe é ti náwó, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀.

Kí ó tó lè yé wa ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí, ó yẹ kí a mọ ibi tí àṣà fífi iṣẹ́ sílẹ̀ ti wá. Ní Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ kan wà tí í ṣe ti àwọn tó ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń tà á, Stationers' Company ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ náà ní ìwé ńlá kan. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ kọ àkọlé ìwé kan sínú rẹ̀ ló ni àṣẹ láti máa tẹ ìwé náà. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kò tí ì sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀wé ni. Ọdún 1710 ni òfin ìgbà Ayaba Anne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun ló sì kọ́kọ́ fi ẹ̀tọ́ náà lé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá, pẹ̀lú ọdún mẹ́rìnlá mìíràn bí ó bá ṣì wà láàyè. Síbẹ̀ wọ́n ṣì so ó mọ́ ìwé ńlá náà: bí a kò bá kọ àkọlé ìwé sínú rẹ̀, ìyà tí òfin là sílẹ̀ kò lè jẹ ẹni tó bá jí ìwé náà tẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa títí di òní ti wá, pé àfi kí ènìyàn kọ orúkọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1886, àwọn orílẹ̀-èdè kan pàdé ní ìlú Berne ní Switzerland, wọ́n sì ṣe àdéhùn láti máa dáàbò bo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ara wọn. Nígbà tí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní Berlin ní 1908, wọ́n là á kalẹ̀ pé ẹ̀tọ́ yìí kò gbọdọ̀ dúró lórí ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kankan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi èyí sínú òfin wọn ti 1911, wọ́n sì na ọwọ́ òfin náà dé ọ̀dọ̀ wa ní 1912, ọdún méjì kí wọ́n tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Ìjọba ológun wa ṣe tirẹ̀ ní 1970, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1988. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn Berne ní 1993. Òfin tí à ń lò báyìí ni ti 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023. Òfin tó wà lórí àlééfà yìí kò sọ pé kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó di tirẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti di odindi lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é ni ẹ̀tọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì péré ni òfin béèrè. Èkíní, kí ẹni náà ti sapá lórí iṣẹ́ náà débi pé yóò ní àbùdá tirẹ̀, kí ó má jẹ́ àdàkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Èkejì, kí iṣẹ́ náà ti wà lára ohun kan tí a lè tún padà wò tàbí tẹ́tí sí: ìwé, téèpù, fíìmù, kọ̀ǹpútà. Èrò lásán kò ní olówó. Bí mo bá sọ fún yín pé mo fẹ́ kọ eré lórí ọmọ ọba kan tó sá kúrò láàfin lọ di awakọ̀, tí ẹnì kan níbí sì ṣáájú mi kọ ọ́, kò jí nǹkankan lọ́wọ́ mi lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní bá a jẹun mọ́.

Ìbéèrè kejì yìí, pé kí iṣẹ́ wà lára ohun kan, kò mú wàhálà wá fún ẹni tó ń fi bírò kọ̀wé. Àwa Yorùbá gan-an ló gbé wàhálà wá bá. Ẹ wo oníjàálá tó dúró lójú agbo, tó ń sun ìjálá tó ń hun bó ti ń lọ. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Kò sí ẹni tó mọ ìjálá tí yóò sọ pé àkọ́sórí lásán ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ wá síbẹ̀ ni òfin kà sí ẹni tó ṣe ohùn tí a gbà sílẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé òun ló ṣètò gbígbà náà. Láti 1988 ni òfin wa ti gbà pé òṣèré náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí eré tó ṣe, pé a kò gbọdọ̀ gbà á sílẹ̀ tàbí kí a gbé e sórí afẹ́fẹ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtẹ̀síwájú gidi ni èyí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ìwé béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ọdẹ níbi òkú ọdẹ? A ti gba irú ohùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rẹpẹtẹ ní àwọn yunifásítì wa, fún iṣẹ́ ìwádìí ni o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò kọ orúkọ akígbe sí lára.

Ti ẹsẹ Ifá àti oríkì orílẹ̀ tún yàtọ̀. Ta ló ni oríkì Olúfẹ̀ tàbí ti Ìkòyí? Kò sí ẹnì kan tí a lè nàka sí pé òun ló ṣe é. Òfin ti 1988 ṣe ètò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ti 2022 sì tẹ̀ lé e: ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún òwò, kúrò lágbo àṣà tó ti wá, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ àwùjọ tàbí ìlú tó ti rí i. Apá kejì yìí dára púpọ̀. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń ṣe àwo orin máa tẹ̀ lé e. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé ọwọ́ Àjọ tó ń rí sí Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ní Nàìjíríà ni àṣẹ náà wà. Àwọn onílé, àwọn babaláwo tí í ṣe alágbàtọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìran dé ìran, kò sí ibi tí òfin ti ní kí a bi wọ́n. Ẹni tó kó ẹsẹ Ifá jọ sínú ìwé ní ẹ̀tọ́ lórí ètò tó tò wọ́n sí, lórí àlàyé rẹ̀ àti ìtumọ̀ tó ṣe. Kò ní ẹ̀tọ́ lórí ẹsẹ Ifá fúnra rẹ̀, babaláwo mìíràn sì lè ki ẹsẹ kan náà fún ẹni tó bá fẹ́.

Ó wá kù kí a béèrè pé, bí ẹ̀tọ́ bá ti wà láìforúkọsílẹ̀, kí ni a fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún? Ìdáhùn mi kò gùn: nítorí ẹ̀rí ni. Ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí agbára láti fi í hàn ní kóòtù. Bàbá akéwì kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, ará Èkìtì. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń tà, ẹnì kan tó ń gbé orin jáde gba ohùn bàbá yìí sílẹ̀, ó fún un lówó díẹ̀, ó sì gbé e jáde. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá, ewì kan náà tún jáde, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀ báyìí, orúkọ bàbá kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ó gbé àpò kan wá sọ́dọ̀ mi tó kún fún ìwé ọmọ iléèwé. “Ọmọ mi,” ni ó wí, “gbogbo ẹ̀ rèé, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.” Òótọ́ sì ni. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Lọ́yà ṣí ìwé náà títí, ó ní, “Bàbá, ọjọ́ wo lẹ kọ èyí?” Kò sí déètì kan lójú ewé kankan. Ìwé tí bá kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wá, orúkọ ẹni tó gbé e jáde ni ó wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ti bàbá wà nísàlẹ̀, wọ́n kọ ‘ẹni tó ké ewì’ sí i. Ṣé òun ló ṣe ewì ni àbí òun ló kàn ké e? Àwọn ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ti kú. Wọ́n fi owó díẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà nílé, bàbá sì gbà á nítorí kò lágbára àtimáa lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, kóòtù tí òfin gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ohun tí bàbá yìí kò ní ni ìwé tí Àjọ náà ń fún ni. Ètò tó wà fún un kò le: ènìyàn yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ní ọ́fíìsì wọn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sọ àkọlé iṣẹ́ náà, irú iṣẹ́ tí í ṣe, orúkọ ẹni tó ṣe é, orúkọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é, yóò san owó tí wọ́n bá ní kó san, yóò sì fi ẹ̀dà iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọn yóò fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà ni adájọ́ yóò kọ́kọ́ gbà, àfi bí ẹnì kejì bá mú ẹ̀rí tó borí rẹ̀ wá. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tó wà níbí mọ bí èyí ti wúlò tó: ẹrù àtiwá ẹ̀rí ti kúrò lórí onínǹkan, ó ti bọ́ sí orí ẹni tó ń jà á níyàn.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun tí kò lè ṣe. Àjọ náà kì í yẹ iṣẹ́ wò láti mọ̀ bóyá ẹni tó gbé e wá ló ṣe é lóòótọ́. Bí olè bá gbé iṣẹ́ yín lọ síbẹ̀ lónìí, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì fún un ní ìwé. Ìwé náà kò sọ ọ́ di onínǹkan. Ẹ̀rí yín lè bì í ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ó wá ẹ̀rí náà, ìdí sì nìyí tó fi dára kí ẹ tètè ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Àwọn kan máa ń fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí ara wọn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, wọn a sì gbé e pamọ́ láìtú u kí òǹtẹ̀ lè jẹ́rìí sí ọjọ́. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, nítorí pé ènìyàn lè fi àpò ìwé tí a kò lẹ̀ ránṣẹ́ lónìí kí ó sì fi ohun tó bá wù ú sínú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ ya nǹkan kan sọ́tọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé wa máa ń dà pọ̀. Nọ́ńbà ISBN tó wà lẹ́yìn ìwé kì í ṣe ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ọ̀nà tí àwọn ìsọ̀ ìwé àti ilé ìkàwé fi ń dá ìwé mọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé mẹ́ta tí òfin ọdún 1970 ní kí òǹtẹ̀wé fi ránṣẹ́ sí Ilé Ìkówèésí ti Orílẹ̀-èdè láàárín oṣù kan tí ìwé bá jáde, kí wọ́n tọ́jú méjì, kí ẹ̀kẹta wá sí ilé ìkówèésí Yunifásítì Ìbàdàn. Ìtọ́jú ìmọ̀ ni ìyẹn. Ó lè ṣe ìrànwọ́ bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọjọ́ tí ìwé jáde, ṣùgbọ́n kò gba ipò ìforúkọsílẹ̀ tí à ń sọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò lè borí. Ọ̀gbẹ́ni Ọládípọ̀ Yemitan, ẹni tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ nítorí ìwé Ìjálá Aré Ọdẹ tó jáde ní 1963, pe ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Times lẹ́jọ́ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lò láìgbàṣẹ, ilé-ẹjọ́ sì dá a láre ní 1980. Lábẹ́ òfin 1970 ni èyí, nígbà tí kò tilẹ̀ sí Àjọ kankan tí ènìyàn lè gbé iṣẹ́ lọ bá. Ọdún 1989 ni wọ́n tó dá èyí tó ṣáájú Àjọ òní sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ti jáde lórúkọ rẹ̀. Orúkọ ẹni tó wà lára iṣẹ́ tí a ti tẹ̀ jáde jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára. Ìwé àfọwọ́kọ tó wà nínú àpótí ni ó nílò ìforúkọsílẹ̀ jù.

Nípa ọjọ́ orí ẹ̀tọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a fi Olóyè D. O. Fágúnwà ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ọdún 1963 ni omi gbé bàbá náà lọ. Òfin 1970 fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lélẹ̀ lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé bá kú. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn nìkan wọ̀n ọ́n, ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1988 ni ẹ̀tọ́ ìdílé rẹ̀ ìbá pin. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1988 gan-an, ọjọ́ méjìlá kí ó tó pé, ó sì sọ ọ́ di àádọ́rin ọdún. Òfin òní kò yí ìyẹn padà. Nítorí náà, títí di òpin ọdún 2033 ni ẹni tó bá fẹ́ lo iṣẹ́ náà yóò ṣì máa tọrọ àṣẹ. Ìtumọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968 tún ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtumọ̀ náà ṣe sinimá, ọ̀dọ̀ ẹni méjì ni yóò lọ. Lẹ́yìn ikú onínǹkan ni ìforúkọsílẹ̀ tún wúlò lọ́nà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba àṣẹ tọkàntọkàn máa ń wá àwọn ọmọ olóògbé tì. N kò lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti bi mí léèrè àdírẹ́sì ọmọ òǹkọ̀wé kan tí n kò mọ̀.

Fún àwọn ènìyàn wa tó ń kọ̀wé ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ jáde lọ́hùn-ún, onínǹkan kò lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù àfi kí ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn ti gba ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wọlé tàbí kí ó kọ̀ ọ́; ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jù sọ ní 2019 pé fífi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ nìkan kò tó. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn tí òfin wọn ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó lè tó 150,000 dọ́là lórí iṣẹ́ kan bí olè náà bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kò sí fún ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kí olè tó dé, tàbí láàárín oṣù mẹ́ta tí iṣẹ́ náà jáde.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àdéhùn parí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ onínǹkan ju ọwọ́ olè lọ. Òfin ní àfi kí ó wà lákọsílẹ̀ kí ẹnì kan tó lè gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn pátápátá, tàbí kí ó tó fún un ní àṣẹ tí ẹnikẹ́ni mìíràn kò ní bá a pín. Gbígba owó nìkan kò gbé ẹ̀tọ́ lọ. Ààbò ni èyí jẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé ìwé tí ẹ bá buwọ́ lù yóò mú yín. Ẹ ka ibi tó ti sọ irú ẹ̀tọ́ tí ẹ ń fi sílẹ̀, iye ọdún àti orílẹ̀-èdè. Ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé yín kò nílò ẹ̀tọ́ sinimá. Ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí a máa dárúkọ yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò ṣeé tà níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà láàyè, owó tí wọ́n bá sì fẹ́ fún yín lórí rẹ̀, ẹ má gbà á. Nínú fọ́ọ̀mù tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àyè ẹni tó ṣe iṣẹ́ yàtọ̀ sí àyè ẹni tó ni ẹ̀tọ́. Bí ẹ bá ti gbé gbogbo rẹ̀ fún òǹtẹ̀wé, orúkọ yín yóò wà ní àyè àkọ́kọ́, tirẹ̀ ni yóò sì wà ní ìkejì, ìkejì yìí ni adájọ́ yóò sì wò nígbà tí owó bá dé.